Orúkọ Ọkọ Mi

Ní Ìlọràá, nílé Dorcas, ìbéèrè ni ó máa ń ṣáájú ẹ̀kọ. Bó bá ti ka Bíbélì àárọ̀ tán, tó sì ti dúpẹ́ pé ilẹ̀ mọ́ bá òun, fóònù ni yóò fà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí láti wò ó bóyá Ọ̀gá Nathaniel ti sọ̀kò ọ̀rọ̀. Ọ̀gá Nathaniel ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Fìdítì, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn ti ìbéèrè. Lójoojúmọ́ ni í ju ìbéèrè mélòó kan sórí Wásáàpù fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: Dorcas, tó ṣe tíṣà bíi tirẹ̀, Sàúdátù, ọlọ́sàn etí títì Fìdítì, àti Ògúnbíyìí, tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe ní Ìlọràá, tó sì ń bọ Ògún tọkàntọkàn nítorí, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí, wáyà tí èèyàn kò bá bọ, gbígbé ló ń gbé olúwa rẹ̀. Ajíbéèrè ni wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn.

Òfin ẹgbẹ́ náà kò le. Ohùn ni wọ́n fi ń dáhùn, wọn kì í tẹ̀ ẹ́, torí Ọ̀gá gbà pé ẹni tó bá ń tẹ ìdáhùn, ojú rẹ̀ lè ti yà sí ibòmíràn. Ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu bó ṣe jẹ́ gan-an. Ẹni tó bá kùnà jù lọ́sẹ̀ ni yóò bó ọsàn fún àwọn yòókù ní Sátidé, nígbà tí wọ́n bá péjọ sí ṣọ́ọ̀bù Ògúnbíyìí láti fi tẹlifíṣàn oníbàárà wo eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí oníǹkan bá wá ká wọn mọ́ ìdí rẹ̀, Ògúnbíyìí kì í mì.

"Ẹ jókòó. A ṣì ń dán an wò ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, Ọ̀gá bèèrè odò tó gùn jù ní Nàìjíríà. Gbogbo wọn ní Odò Ọya. Ó bèèrè iye ọkàn tí ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ nì ní. Dorcas ní mẹ́ta. Sàúdátù ní, "Mẹ́ta kẹ̀? Ọkọ mi àkọ́kọ́ kò ní ẹyọ kan!" Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá wá bèèrè èyí tó rọrùn jù: nínú eré tí wọ́n wò ní Sátidé, kí ni orúkọ awakọ̀ tó jí kọ́kọ́rọ́ ìyá arúgbó?

Adégòkè ni. Ọmọ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Dorcas tẹ fóònù, ó ní:

"Orúkọ ọkọ mi ni."

"Orúkọ wo nìyẹn?" Ọ̀gá fi ohùn kíláàsì dá a lóhùn.

"Orúkọ ọkọ mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá Tọ́pẹ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ń ṣe ìdánwò. Òdo!"

Kì í ṣe ọkọ tó gbé e níyàwó ni ó ń sọ. Akínwándé nìyẹn, ó sì ti sùn nínú Olúwa. Àbúrò Akínwándé ló ń jẹ́ Adégòkè. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí Dorcas wọlé ìyàwó, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń pààrọ̀ eyín lọ́wọ́, ọkọ ni. Ìka ọmọ náà kì í kúrò nínú tádàwà, Dorcas sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Orúkọ náà ro ó, káńsù ní Jọbẹlẹ ló ti ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Àmọ́ èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò gba ẹnu Dorcas kọjá rí. Nígbà tó ń ṣe tíṣà, bó bá bá ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì, "Orúkọ Ọkọ Mi" ni í fi í pè, ọmọ náà a sì dáhùn pé, "Mo wà, mà."

Ẹni tó ń pè é bó ṣe yẹ ni ìyá wọn, Àbẹ̀ní, ìyá ọkọ Dorcas, kó tó di olóògbé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, obìnrin náà a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a fi ọwọ́ òsì di òpó mú, a fi ọ̀tún gbá itan pòó, a wá fa orúkọ ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé gùn, bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga jíjìn. Dorcas tó ń finá lábẹ́ ìkòkò a rẹ́rìn-ín sínú.

Kò pẹ́ sí ọjọ́ òdo yẹn tí Ògúnbíyìí fi gbé ìròyìn wọ orí Wásáàpù. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣàn ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní Sátidé. Eré tuntun ni wọ́n fẹ́ ṣe ní Ìlọràá, ará ìlú ni wọ́n fẹ́ lò, ìyá àgbà kan tí yóò ṣe ìyá onílé ni wọ́n sì ń wá jù. Ni ẹgbẹ́ Ajíbéèrè bá pa ìbéèrè tì, wọ́n ń pín ipò.

"Ìyá onílé, èmi nìyẹn," Sàúdátù ní. "Ẹnu mi ti tó tẹlifíṣàn."

"Ó ti tó jù," Ògúnbíyìí dá a lóhùn. "Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kò lè gbà á. Ọ̀gá ni kó ṣe ọba."

"Ọ̀gá ṣe ọba! Kó máa fún àwọn ìjòyè ní òdo!"

"Ẹ ṣe mí lọ́ba ná," Ọ̀gá Nathaniel ní, "ẹ ó rí bí ààfin yóò ṣe dákẹ́ rọ́rọ́."

Dorcas kò fọhùn. Ẹni tó ń wá nǹkan kì í pariwo, kí ẹyẹ má baà fò. Nígbà tó wà lọ́mọge ní Fìdítì, òun ló ṣe Ẹ́sítérì níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, Akínwándé sì wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Títí ó fi kú ló ń sọ pé, "Dorcas, ìwọ yóò dé tẹlifíṣàn." Iṣẹ́ tíṣà dé, ọmọ dé, ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ àná. Kì í ṣe òkìkí ló ń wá. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá iná ọjọ́ náà ti kú ni, tàbí eérú ló bò ó.

Ní Sátidé, Akọ̀wé fi mọ́tò gbé e lọ sí gbọ̀ngán ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń yan òṣèré. Tèmídayọ̀, ọmọbìnrin tó ń darí eré náà, kí àwọn àgbà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì ṣàlàyé: ìyá onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọmọ òun ti ta oko kòkó bàbá rẹ̀. Yóò jáde sẹ́nu ọ̀nà, yóò pè é. Kò ju ìyẹn lọ.

Obìnrin àkọ́kọ́ bọ́ síwájú kámẹ́rà, ó ké pé, "Adégòkè! Jáde wá!"

Dorcas dìde. Ó rìn lọ bá Tèmídayọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ kò lè yí orúkọ yẹn padà?"

"Ẹ dákun, mà. A ti fi kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ eré. Orúkọ náà ló wà nínú ègbè."

Ó kan Sàúdátù. Ó ké, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú kámẹ́rà, ó bú sẹ́rìn-ín, kò sì lè dáwọ́ rẹ̀ dúró mọ́. Wọ́n mú un jókòó. Ó wá kan Dorcas.

Ó tún gèlè ṣe, ó na ọrùn, ó fi gbogbo agbára ké:

"Akọ̀wé! Jáde wá!"

"Adégòkè ni, mà," Tèmídayọ̀ rọra wí.

"Mo gbọ́. Akọ̀wé!"

Gbọ̀ngán bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó tún ṣe é, Akọ̀wé náà ló tún jáde lẹ́nu rẹ̀. Tèmídayọ̀ wo ilẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó kàn..."

"Ẹ dúró ná."

Akọ̀wé ti dìde lẹ́yìn, irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti ń hu ewú ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ó wá síwájú.

"Ìyàwó wa, ẹ pè mí."

"Kí n pe kí ni? Kí wọ́n máa sọ pé ilé yín ò kọ́ mi?"

"Èmi ni mo ni orúkọ, èmi náà ni mo sì yọ̀ǹda rẹ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí kámẹ́rà yóò fi pajú dé."

Dorcas kúnlẹ̀ fún un, ó dúpẹ́. Akọ̀wé sáré gbé e dìde, torí ìtìjú ń pa á.

"Gbà á kíákíá!" Sàúdátù ké láti orí àga. "Ìwọ tó ti ń wá ọ̀nà àtipè é láti ọjọ́ tó ti fọ́ àwo rẹ ní kékeré!"

Ṣùgbọ́n a lè fún ẹsẹ̀ láyè kó má lè rìn. Dorcas ya ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo kámẹ́rà, ó wo Akọ̀wé tó ti padà sí àyè rẹ̀. Ìgbà náà ni ó yé e pé òun kọ́ ló yẹ kí ó pè é. Ìyàwó kò lè pè é láé. Ẹni tó lè pè é wà.

Ó fi ojú ibi tí wọ́n sàmì sí sílẹ̀, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán. Ó fi ọwọ́ òsì di férémù mú. Ó fi ọ̀tún gbá itan, pòó.

"Adégòkèèèè o!"

Kì í ṣe ohùn Dorcas. Ohùn Àbẹ̀ní ni, bó ṣe ń dún lójú ilẹ̀ ṣíṣú, ìbínú ní iwájú, ìfẹ́ ní ẹ̀yìn.

"Màámi! Mò ń bọ̀ o!"

Akọ̀wé ti fò dìde. Ó ti bọ́ bàtà, ó ti kó o dání, ó ti sáré dé àárín gbọ̀ngán kí ó tó rántí ibi tí òun wà. Ó wo bàtà ọwọ́ rẹ̀, ó wo Dorcas, ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń já lójú rẹ̀ bó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ṣé ibẹ̀ lẹ fi Màámi pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí?"

Tèmídayọ̀ súnmọ́ Dorcas.

"Mà, ẹ má lọ jókòó mọ́. A ti rí ìyá onílé."

Lójú ọ̀nà ilé, Akọ̀wé ń wakọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn.

"Akọ̀wé, ẹ rọra sáré."

"Háà! Orúkọ mi ti lọ nìyẹn?"

"Ṣé kámẹ́rà ò tíì pajú dé ni?"

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá Nathaniel tún dé pẹ̀lú ìbéèrè tirẹ̀. Ó bèèrè èyí, ó bèèrè tọ̀hún, ó wá fi ẹyọ kan kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀: "Kí ni orúkọ ọmọ tí ìyá onílé pè ní gbọ̀ngán Ìlọràá?"

Dorcas gbọ́ ọ dáadáa, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ fóònù.

"Orúkọ ọkọ mi ni."

"Òdo!"

Òun ló bó ọsàn lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́wọ́ Sàúdátù ló ti rà á, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Ògúnbíyìí níwájú tẹlifíṣàn oníbàárà, ó ń rọra yí ọsàn lójú ọ̀bẹ, èèpo rẹ̀ ń gùn bọ̀ wá sílẹ̀, kò sì já.