Ẹ̀rọ Tó Ń Yára Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni

Ta ló wúkọ́ yẹn? Ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́ díẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀… Lẹ́yìnkùlé ni. Bí Titus ọkọ mi ṣe máa ń wúkọ́ nìyẹn kó tó wọlé, bí ẹni tó ń sọ fún yàrá pé kó tún ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n Titus wà ní itẹ́ òkú àwọn Onítẹ̀bọmi. Ojú mi ni wọ́n ṣe rọ yẹ̀pẹ̀ lé e lórí. Nítorí náà Ọmọ́dára ni. Àbúrò rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ ni. Kí ló wá dé tí ara mi fi dìde, tó fẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn?

Jókòó, Felicia. Tíréè wà níwájú rẹ, orín mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, kó o mú ọ̀kan.

Orín! Ẹ wá wo àṣà ilé ọkọ mi ní Òkúkù. Ọkùnrin kú, àwọn ọkùnrin ẹbí ń fi orín ránṣẹ́ sí opó rẹ̀. Èyí tó bá mú, ẹni tó ni ín ló ṣú u lópó. Tí ò bá mú ìkankan, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìníṣà, kò sì sẹ́ni tí yóò pè é níyàwó Titus mọ́ láyé. Pásítọ̀ tó so wá pọ̀ ńkọ́? Ó ní òun ò gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ́ iyán wa dáadáa, etí rẹ̀ nìkan ló dí.

Orín àkọ́kọ́, ti Bàbá Ògúnwálé. Bàbá tí ò léyín kan lẹ́nu! Kí ló ń fi rún un, ahọ́n? Ìkejì, ti Ajíbádé tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìyàwó mẹ́ta ń fa aṣọ ya mọ́ra wọn lọ́rùn nílé rẹ̀, ó fẹ́ fi ìkẹrin là wọ́n níjà. Ìkẹta, ti Ọmọ́dára… Wọ́n ti họ èèpo orí rẹ̀ kúrò, ó funfun. Bí Titus ṣe máa ń họ tirẹ̀…

Mi ò wò ó. Iṣẹ́ mi ni mò ń wò.

Ìbàdàn lèmi àti Titus ń gbé kí ibà pọ́njú tó gbé e wálé. Mò ń lu ihò sára káàdì níbẹ̀ fún ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan. Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé, ọ̀gá wa, ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ ìlànà tí ẹ̀rọ náà yóò tẹ̀ lé. Púrógíráàmù ló ń pè é, ẹnu rẹ̀ á sì rí bí ẹni tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu. Iṣẹ́ tó fún wa nìyí: kí ẹ̀rọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò, kó sọ bóyá bí a ṣe kà á láti iwájú náà ló rí láti ẹ̀yìn. "Kékeré ni, ẹ má fòyà." Kékeré! Ẹni tí kì í ṣe opó ló ń wí.

Ìlànà mi rèé, lórí ìwé tí mo gbé wá láti Ìbàdàn. Mú lẹ́tà àkọ́kọ́, mú ti ìgbẹ̀yìn. Tí wọn ò bá bára mu, sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kó o dúró. Tí wọ́n bá bára mu, sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi "iṣu" dán an wò: bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fi "ata": bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn. Àfi ìgbà tí alángbá kan yọ lára ògiri, tó ń mirí sí mi bí alàgbà ìjọ. Mo ní kí n fi "alángbá" dán an wò. A níwájú, a lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ni ẹ̀rọ mi wí. Irọ́ gbuu! Ta ló lè ka alángbá láti ẹ̀yìn, tí ahọ́n rẹ̀ ò ní lọ́? Níbo ni mo ti ṣìnà? Àkọ́kọ́… ìgbẹ̀yìn…

"Ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni." Ìyá Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá Titus, ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ bó ṣe gbé tíréè sílẹ̀. "Wo iwájú orí Ọmọ́dára bó bá ń bọ̀, wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bó bá ń lọ. Ta lo rí? Ṣebí ọjọ́ tó o ti wọlé lo ti ń pè é lọ́kọ mi."

Ó kúkú tọ́. Wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ mọ́ ọn lórí. Ọkọ mi Adúmáadán ni mò ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe, ẹ̀yin èèyàn! Ta ló mọ̀ pé wọ́n ń kó ẹ̀fẹ̀ mi sápò?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọrùn yẹn…

Ó tún wúkọ́. Ó ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Titus, ṣé ìwọ ni? Ọwọ́ mi… ta ló gbé ọwọ́ mi sórí orín funfun yìí? Tí mo bá mú un, ikọ́ yẹn á máa wọlé tọ̀ mí wá. Mo lè dijú. Obìnrin tó bá dijú, kí ni kò lè rí? Ikọ́ bá ikọ́ mu. Ọrùn bá ọrùn mu. Bẹ́ẹ̀ ni…

Dúró ná.

A iwájú bá a ẹ̀yìn mu, bẹ́ẹ̀ ni. Orí àti ìrù nìkan ni mo yẹ̀ wò! Ẹ̀rọ mi ò dé inú alángbá rárá. L rèé nínú lọ́hùn-ún, b rèé. Wọn ò bára mu. Áà… "bẹ́ẹ̀ kọ́" lè yára, nítorí ìyàtọ̀ kan ti tó o. "Bẹ́ẹ̀ ni" kò gbọdọ̀ yára. Ó gbọ́dọ̀ dúró nísàlẹ̀ pátápátá, títí kò fi sí ohun tó kù tí a ò tíì yẹ̀ wò.

Wọlé sí i, Felicia. Lẹ́yìn tí Titus bá wúkọ́ tán tó wọlé, kí ló máa ń sọ? "Kí ni Bàbá Onírin wí lónìí?" Ẹ̀rọ wa ló ń pè bẹ́ẹ̀. Á sì jókòó tì mí, á máa ṣa bébà wẹ́wẹ́ tó fò láti ara káàdì kúrò nínú irun mi. Ọmọ́dára ńkọ́? Ó rí mi pẹ̀lú ìwé yìí lánàá, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, gbé e sọnù. Obìnrin tó ń ka ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, òkú ló ń bá sọ̀rọ̀." Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í kàn ṣe Titus ni.

Mo pa "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ́ lókè. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé. Orín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Titus kú. Mi ò tíì sọ ọ́ rí, ẹlòmíràn ló ń bá mi sọ ọ́. Tí mo bá mú orín yẹn, lálaalẹ́ ni Titus yóò máa wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹlòmíràn yóò sì wọlé. Lálaalẹ́ ni n óò tún máa sin ín. Mi ò lè ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lágbára àtisin ọkọ mi.