Áàpù Tó Ń Gbé Oríkì Mi Mì

Tí ẹ bá rí mi tí mò ń yin Stephen káàkiri ìlú Ọ̀yọ́ bí ẹni tó ń polówó ọjà, ẹ má dá mi lẹ́kun. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe fún mi ná.

Mi ò mọ ìyá mi. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ wákà níbi wòlímọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Saifudeen. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n kú. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ohùn wọn wà. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ń bàjẹ́ lọ, Saifudeen gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, wọ́n gé orin inú rẹ̀ sí ègé-ègé, wọ́n sì kó o sínú kọ̀ǹpútà. Kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ti já dànù.

Nínú wákà yẹn, oríkì ni ìyá wa fi ń ké sí àwọn ọmọ wọn. Wọ́n á pe Saifudeen ní Àlàó, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ràmọ́tà, ní Àbẹ̀kẹ́. Tó bá wá kù dẹ̀dẹ̀ kó kàn mí, orin mìíràn á já wọlé. Saifudeen á bú sẹ́rìn-ín: "Zulaikha, wọ́n gbàgbé ẹ ni o! Bóyá a kàn ṣa ẹ́ he ni." Àwàdà ni lójú tiẹ̀. Èmi á lọ sunkún ní kọ̀rọ̀. Àbí ìyá mi gbàgbé mi lóòótọ́ ni?

Mo ra sípíkà gidi, mo wá áàpù orin kiri. Báàsì ọ̀kan ń mi fèrèsé, ìyá mi wá ń dún bí ọkùnrin. Òmíràn, ìpolówó ọṣẹ ló ń já lu wákà. Ìranù! Gbogbo wọn ni mo sì ṣètò bí Saifudeen ṣe ṣètò tiẹ̀, kí orin má baà dákẹ́ láàárín. Oríkì mi ò jáde.

Ni mo bá wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ Stephen tí a jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nítòsí Takie ló ń gbé, òun ló sì ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó wo kọ̀ǹpútà mi, ó pòṣé.

"Ètò òde ijó lẹ fi ń gbọ́ ohùn màmá yín? Kí orin kan tó parí, á ti fi òmíràn bò ó mọ́lẹ̀, kí àwọn tó ń jó má baà dúró. Ìparí gbogbo ègé ló ń gbé mì!"

Ó gbé áàpù kan sí i tí ojú rẹ̀ ò wuni rárá.

"Ṣé èyí náà ni?" ni mo wí.

"Ṣé ojú rẹ̀ lo fẹ́ gbọ́ ni? Kò ní fi kún un, kò ní yọ níbẹ̀. Á so ègé mọ́ ègé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Mo pe Saifudeen sórí fóònù, kí òun náà máa gbọ́. Tí n kò bá sí níbẹ̀, kí n kúkú mọ̀, kí n sinmi.

Stephen tẹ̀ ẹ́. Àlàó kọjá. Àbẹ̀kẹ́ kọjá. Ìyá mi mí kanlẹ̀, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó yíjú sẹ́yìn:

"Àníkẹ́ tí mo pọ̀n, má sùn o, tìrẹ náà ń bọ̀."

Mo figbe ta. "Alihamudulilai! Stephen, o ṣeun! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì ẹ́ láéláé!" Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ síwájú ẹni tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́.

Ohùn Saifudeen jáde nínú fóònù.

"Àníkẹ́," ló wí, òun tí kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí, "jọ̀ọ́, ní kó tún un gbé sí i."