Ilẹ̀ Mọ́ Lẹ́ẹ̀mẹfà

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ panu mọ́! Ọmọbìnrin kan jókòó sójú fèrèsé ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ tó ń yí ayé po lókè réré, níbi tí bàálù kì í dé, ó ń wo bí ọ̀sán ṣe ń lé òru kiri ayé nísàlẹ̀. Nílé, ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù. Dókítà ní bí màmá bá fi lè fojú kan àárọ̀, wọ́n ti yè é nìyẹn. Ọkọ̀ náà yára débi pé ilẹ̀ mọ́ lójú ọmọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, síbẹ̀ òkùnkùn ò kúrò lórí ìlú wọn. Lẹ́ẹ̀kẹfà, ìmọ́lẹ̀ rọra fà débẹ̀. Ó sáré pe fóònù bàbá rẹ̀ tó ń ṣọ́ màmá.

Màmá fúnra wọn ló gbé e.

“Màmá, alágídí ni yín! Mo rí i látòkè níbí tílẹ̀ mọ́ bá yín!”

“Ó mọ́ bá mi, ọmọ mi. Bàbá rẹ tó jókòó tì mí ni ò jí mọ́.”