Àmì Méjì Tí Bùrọ̀dá Sàídì Fi Itọ́ Nù

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú. Ogún àárọ̀ ni mo bá takisí Bùrọ̀dá Sàídì lọ sílé ìwòsàn, ogún àárọ̀ ni mo bá ti Bùrọ̀dá Joseph, ará Beyerunka, lọ, aago lọ́wọ́, nítorí Títílayọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó tún lóyún. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà àkọ́bí. Dókítà ní bí ìrọbí bá tún ti mú un, kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà, mo sì fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó gbé e.

Sìtátísítíìkì ni mò ń kọ́ ní Póli lọ́dún 1988 yẹn. Mo fi pẹ́ńsù ya àpótí méjì sórí bébà, mo ṣàlàyé fún Bàbá mi, baálé agboolé wa ní Ọ̀rányàn. Ìdajì àwọn ìrìn náà ló wà nínú àpótí, ìlà àárín ló pín gbogbo wọn sí méjì, àmì tó bá sì dá wà lókèèrè, ọjọ́ tó burú kọjá ààlà nìyẹn. Ìlà àárín Sàídì wà ní ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ nà dé ọgbọ̀n, àmì méjì sì wà lókèèrè, ọ̀kan ní ọgọ́rin, ọ̀kan ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Àpótí Joseph há gádígádí, méjìlélógún ni àárín rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tó pé ọgbọ̀n.

“Ṣé mẹ́rìndínlógún ò kéré sí méjìlélógún ni?” ni Bàbá wí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nínú ìrìn mẹ́rin Bùrọ̀dá Sàídì, ọ̀kan á kọjá ọgbọ̀n!”

“Ọmọ ilé wa ní mọ́tò, ká wá lọ bẹ ará Beyerunka? Kí laráyé ó wí?”

Bùrọ̀dá Sàídì, ọmọ àbúrò Bàbá, tu itọ́ sí ìka, ó nu àmì méjèèjì kúrò. “Òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ méjì yẹn, Sìdí. Kì í ṣẹ̀bi mi.”

Àfi bí ẹni pé òjò ti bá Ìbàdàn ṣàdéhùn pé òun ò ní rọ̀ mọ́. Mo sọ títí, ẹnu mi bó, Sàídì náà ni Bàbá mú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìrọbí mú Títílayọ̀ lọ́sàn-án gangan, òjò sì ń rọ̀. Bùrọ̀dá Sàídì gbé èmi àti ẹ̀, ó gba ọ̀nà Ògùnpa bó ṣe máa ń ṣe. Omi ti bo ọ̀nà, mọ́tò ò lè lọ, kò lè bọ̀. Ẹ̀yìn takisí ni Títílayọ̀ bímọ sí, àwọn obìnrin aláṣọ fi ìró wọn ká wa mọ́. Ọmọ ké. Ìgbà tá a dé ilé ìwòsàn, ìyá rẹ̀ ò dá mi mọ̀ mọ́. Ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ní Abíọ́nà ni yóò máa jẹ́. Bùrọ̀dá Sàídì ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ló fún un lórúkọ. Ìyá ọmọ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni wọ́n ń fà sí i lára. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Bàbá pè mí sẹ́yìn ilé, bébà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Níbo ni ìrìn ọjọ́ yẹn wà níbí?”

Mo fi pẹ́ńsù tẹ àmì kan sórí ibi tí wọ́n fi itọ́ nù. Ó wò ó títí.

“Lọ bá mi pe Joseph,” ni ó wí. “Bí wọ́n bá dá ìyàwó wa sílẹ̀, òun ni kó gbé e wálé.”

Ìrìn àbọ̀, tí kò sí ìkánjú kankan nínú rẹ̀, ni Joseph wá wúlò fún.