Ẹni Tí Wọn Ò Tíì Nà Kì Í Dìde

Fóònù Ṣẹ́gun ti gba ọwọ́ ènìyàn mọ́kànlá kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ Ṣùkúrátù, gbogbo ẹni tó sì gbà á wò ló ń mi orí bí ẹni tó wá kí olókùú. Ṣùkúrátù fi etí ìborùn nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó wo ohun tó wà nínú fóònù náà dáadáa. Orúkọ àwọn tó yege fún ìdíje géèmù bọ́ọ̀lù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n tò síbẹ̀, àsíá kékeré sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó wá orúkọ Fàtíù títí ó fi rí i. Àwọ̀ ewé wà lára àsíá tiẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyeyè àti pupa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àsíá ilẹ̀ ibo nìyí?" ó bi wọ́n.

"Ti Kútọnu ni, Ìyá Màríàm," Ṣẹ́gun dáhùn. "Fàtíù wa ń gbá a fún Kútọnu. Nàìjíríà ló sì máa bá pàdé lọ́jọ́ Sátidé."

Ilé géèmù Ṣùkúrátù wà lẹ́yìn ọjà Ṣàngótẹ̀dó. Ẹja inú fìríìsà ló fi ọdún mẹ́sàn-án tà níbẹ̀. Nígbà tí iná kò dúró sójú kan mọ́, tí ẹja sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, Màríàm ọmọ rẹ̀ ló ní kó ta fìríìsà, kó fi ra tẹlifísàn mẹ́rin. Títí dòní, bí òjò bá rọ̀, òórùn panla ṣì ń ti ara ògiri jáde, ó sì ti mọ́ àwọn oníbàárà lára. Ṣùkúrátù fúnra rẹ̀ kò mọ géèmù gbá. Ìbéèrè ni òun mọ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó ti ń bi wọ́n kí ló ń mú àgbà ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nítorí àwòrán tó ń sáré nínú gíláàsì. Kò tíì rí ẹni tó fún un ní èsì tó wọ̀ ọ́ létí.

Òfin kan ṣoṣo ló fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri: ẸNI TÍ WỌN Ò TÍÌ NÀ KÌ Í DÌDE. Ẹni tó bá jókòó tó sì ń borí, òun ló ni àga. Ẹni tí wọ́n bá nà, kó dìde fún ẹni tó nà á. Ìwọ ì báà gbé jíìpù wá láti ẹ́síteètì, ìwọ ì báà bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, òfin yẹn kò mọ̀ ọ́. Àga tó wà lábẹ́ fáànù ni àga ọba, Fàtíù sì ti jókòó sórí rẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

Iṣẹ́ táìsì ni Fàtíù ń ṣe. Tó bá ti ilé tó ń tẹ́ táìsì sí dé ní ìrọ̀lẹ́, tí símẹ́ńtì funfun ti gan mọ́ ọn lọ́mọ ìka, búta tí Ṣùkúrátù fi ń ṣe àlùwàlá ló máa kọ́kọ́ gbé, yóò fọ ọwọ́, yóò kí gbogbo ilé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ara ilé géèmù ló dáwó ìforúkọsílẹ̀ fún un nínú ìdíje náà. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọkùnrin náà, Yorùbá tó dán ju tiwọn lọ, wọ́n ní ọmọ wa ni, wọn ò sì bi í léèrè ohunkóhun mọ́.

Ẹni tí inú rẹ̀ ru jù ni Dàmọ́lá. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, Thomas Estate ló ń gbé, òun náà ló sì ra àsíá Nàìjíríà tó fẹ̀ bí aṣọ ìtẹ́sùn tí wọ́n máa ń ta sára ògiri nígbà ìdíje. Ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni Fàtíù. Ó ní ènìyàn kò lè jókòó sínú iná Nàìjíríà kó tún máa bá Nàìjíríà jà.

"Iná Nàìjíríà wo?" ni Ṣùkúrátù wí. "Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí wọ́n ti mú un lọ. Jẹnẹrétọ̀ mi lò ń gbọ́ yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Dàmọ́lá ṣàlàyé fún un pé orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọn yóò ti gbá a, oníkálukú láti ibi tó bá wà, pé ilé tí Fàtíù ń gbé kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, inú ilé géèmù yìí nìkan ló ti lè rí i gbá. Tí Ìyá Màríàm bá ti kọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fi kún un pé ilé géèmù tuntun kan ti ṣí ní Awoyaya, wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn kan sì ti ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn máa kó lọ tí wọ́n bá fi àyè gba ọ̀dàlẹ̀.

Ṣùkúrátù wo ojú wọn yíká. Ó mọ̀ pé ìdajì wọn lè lọ lóòótọ́. Ó na ìka sí ògiri. "Ẹ kà á fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ kó dìde, kó nà án. Ọ̀la ni Jímọ̀, ó máa wà níbí láti ìrọ̀lẹ́. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ jókòó tì í?"

Ṣẹ́gun gba fóònù rẹ̀ padà, ó ń wò ó bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, Fàtíù dé, ó fọ ọwọ́, ó kí ilé, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ ẹ. Ó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò rí ẹni gbé páàdì géèmù kejì. Ló bá jáde lọ bá Ṣùkúrátù níbi tó jókòó sí lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tẹ́ táìsì.

Ó sọ fún un pé Sakẹ́tẹ́ ni wọ́n ti bí òun, lẹ́yìn ẹnubodè, pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun wà nígbà tí bàbá òun gbé òun wá sí Awoyaya, iṣẹ́ táìsì ló sì wá ṣe. Nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni wọ́n bèèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbà á, wọ́n ní kóun mú ìwé ìbí wá, ìwé ìbí tó sì wà lọ́wọ́ òun, ti ọ̀hún ni. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà ní ibi tí ìwé rẹ bá ti wá ni kí o gbá a fún.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Ẹ ò bi mí, Màmá."

Ṣùkúrátù gbà pé òótọ́ ni, ó sì dùn ún, nítorí kò sí ohun tí òun kì í bèèrè láyé yìí. Ó wá ronú lé e lórí. "Tí wọ́n bá kọ orin ilẹ̀ wọn, kí ló máa ń ṣe ọ́ nínú?"

Fàtíù gbìyànjú láti dáhùn. Ó ní òun kò mọ̀ ju ìlà kan lọ nínú rẹ̀. "Ti Nàìjíríà, méjèèjì ni mo mọ̀, èyí tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé àti èyí tí wọ́n tún lọ gbé jáde." Ó fi èékánná ha símẹ́ńtì kúrò lára àtàńpàkò rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ borí, Màmá. Tí mo bá borí, Ákírà ní Gánà ni wọ́n ti máa gbá àṣekágbá. Mi ò tíì jókòó gbá a lójú àwọn èrò ńlá rí. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ máa pariwo fún?"

Ṣùkúrátù nawọ́ sí ọ̀nà ilé fún un. Ó ní kó lọ, kó má pẹ́ lọ́la.

Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin kò tíì lù tí ilé ti kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ní àwọn máa lọ sí Awoyaya kò lọ síbì kankan; níbo ni wọ́n tún ti máa rí ọ̀tá gidi tí wọ́n á máa wò lójú kòrókòró? Àsíá Dàmọ́lá bo ògiri ẹ̀yìn, ó fi òfin pupa nìkan sílẹ̀ lókè. Ẹni tó ń gbá a fún Nàìjíríà, ọmọ Àbújá kan tó ń jẹ́ Bọ̀sún ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì fojú kàn án rí, wọ́n sì ń pè é ní àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ mi. Fàtíù jókòó sórí àga ọba láàárín wọn, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ọrùn rẹ̀ dúró gan-an.

Ṣùkúrátù gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ráútà tó ń fún wọn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó gbogbo ilé. Ó ti pinnu pé òun kò ní pariwo fún ẹnikẹ́ni. Òun kàn máa wo àwọn tó ń pariwo, bóyá òun á rí ìdáhùn òun lónìí.

Fàtíù ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Ilé dákẹ́ bí ìgbà tí a pa jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn náà ni Bọ̀sún dá a padà, ariwo ta, Ṣùkúrátù sì rí i pé òun ti wà lórí ìdúró, ọwọ́ òun méjèèjì wà lókè, ẹnu òun là sílẹ̀. Kò mọ ẹni tó gbé òun dìde. Kò ronú kan Nàìjíríà, kò ronú kan nǹkankan; ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fò kí orí rẹ̀ tó gbọ́. Ó rọra jókòó padà, ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì tún ń dùn bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ oyin lá. Ẹ̀yìn ọrùn Fàtíù ló wá tẹjú mọ́. Ó ti rí èsì tó ń wá láti ọdún mẹ́ta, kò sì mọ ohun tí òun máa fi í ṣe.

Fàtíù tún gbá òmíràn wọlé. Méjì sí ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló kù. Dàmọ́lá fa ara rẹ̀ gba àárín èrò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Ṣùkúrátù.

"Ìyá Màríàm, okùn yẹn. Ẹ kàn fẹsẹ̀ kọ́ ọ bí ẹni tó ṣèèṣì. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já mọ́ lọ́wọ́ ti pàdánù nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Okùn ráútà wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò jìnnà sí bàtà rẹ̀ ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ obìnrin náà: ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́. Ẹsẹ̀ kan náà tó fò lẹ́ẹ̀kan ni, ó sì tún fẹ́ fò. Ó wo okùn, ó wo Dàmọ́lá.

"Ọmọ rẹ tí ìyàwó rẹ bí sí Kánádà," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, "lọ́jọ́ tó bá di pé ó ń gbá a, ilẹ̀ ibo ló máa gbá a fún?"

Ṣùkúrátù dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ lé orí okùn náà, ó sé e mọ́ àárín ẹsẹ̀ àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ká ìró rẹ̀, ó jókòó lé e bí adìyẹ tó ń sàba.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Bọ̀sún tún dá a padà. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó gbá ẹ̀kẹta, ó parí. Ilé dàrú. Wọ́n ń gbé ara wọn sókè, Ṣẹ́gun ń da omi inú ike sórí ara rẹ̀, ẹnì kan ń kọrin. Ṣùkúrátù pẹ̀lú pàtẹ́wọ́, kò lè ṣe kó má pa á, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí àpótí.

Fàtíù gbé páàdì sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó sì dìde.

Bó ṣe dìde yẹn ni ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í tán láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Oṣù mẹ́jọ ni wọn kò ti rí i lórí ìdúró nínú ilé yẹn láìṣe pé ó ń lọ sílé. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ń dúró de ẹni tí òfin ní kó jókòó. Ṣẹ́gun ló sún mọ́ ọn jù. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn àga náà, ó yára mú un kúrò.

"Ìyá Màríàm," ó bèèrè, "ta ló kàn?"

Ṣùkúrátù wo òfin pupa tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. "Ẹni tó nà án ló kàn. Níbo ló wà?"

"Àbújá."

"Kó máa bọ̀ láti Àbújá nígbà náà, kó wá jókòó. Mi ò tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Kó tó dé, Fàtíù, padà sáyè rẹ, o dí wa lójú."

Wọ́n kọ́kọ́ wojú ara wọn. Ẹnì kan pa ẹ̀rín mọ́ imú, òmíràn kò lè pa tiẹ̀ mọ́, nígbà tí ẹ̀rín náà sì fi máa tàn dé ẹnu ọ̀nà, Fàtíù ti jókòó. Ó tẹrí ba, kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.

Dàmọ́lá ti tú àsíá rẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri, ó ti ká a sí abíyá, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà wọlé, ó fi àsíá náà ṣe tìmùtìmù sórí àpótí kan, ó jókòó, ó gbé páàdì kejì. Fàtíù tẹ páàdì tiẹ̀, orúkọ àwọn ilẹ̀ sì jáde sójú tẹlifísàn, àsíá lẹ́yìn àsíá, kí oníkálukú mú èyí tó bá fẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ mú," ni Fàtíù wí. "Ilẹ̀ ibo lẹ fẹ́?"

Dàmọ́lá gbé àtàńpàkò lé bọ́tìnì, kò tẹ̀ ẹ́. Ṣùkúrátù fi ráútà sílẹ̀, ó wọ́ àpótí rẹ̀ sún mọ́ wọn, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ gbé sójú, kó lè rí àsíá tí yóò mú.