Àwọ̀ Tí Omi Kànga Wa Yí Sí

1.

…lẹ́yìn náà kí a kán oògùn inú ìgò kejì sí i, ẹ̀kán márùn-ún, kí a dé e, kí a mì ín, kí a dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ó bá dà bí ojú ọ̀run, kò séwu. Bí ó bá di àwọ̀ àlùkò, náítíráìtì, oró tó ń ti ara ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí wá, ti pọ̀ nínú omi náà, ẹja ò ní lè mí.

Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi lọ́jọ́ tí Lawrence ọmọ mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ omi ẹja wò. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Òmù-Àrán kí n tó fẹ̀yìn tì.

Mo sọ èyí kí ẹ má baà ṣàánú mi.


2. ÀWA TÍ A WÀ NÍLÉ, OṢÙ KẸTA, ỌDÚN 2013

Èmi, Rúùtù.

Bọ́lánlé, ọmọ mi obìnrin, tó wá bímọ sọ́dọ̀ mi.

Ìbíyẹmí, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ẹja mẹ́fà aláwọ̀ wúrà, nínú àpótí gíláàsì tí Lawrence gbé wá láti Ìlọrin nígbà Kérésìmesì. Ó ní ilé ti dá jù fún mi.

Kànga kan ní ẹ̀yìnkùlé. Àwa la ni ín, àwa pẹ̀lú Jàrátù aládùúgbò wa tó ń sin adìẹ la jọ ń pọn ún.

Ọmú Bọ́lánlé méjèèjì wú, wọ́n ń ṣọyún. Mílíìkì inú agolo ni ọmọ ń mu.

Èmi ni mo ń pò ó.


3. LÁTINÚ ÌWÉ OMI ẸJA

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó pọ̀. Láti àárọ̀ yìí ni àwọn ẹja ti ń gbé ẹnu sókè lójú omi, wọ́n ń já afẹ́fẹ́ gbà. Mo yẹ omi wọn wò. Àlùkò. Lawrence ní kí n da ìdajì rẹ̀ nù, kí n fi omi tuntun rọ́pò. Mo fa omi kànga, mo dà á sí i.

Ọjọ́rú, 6. Àlùkò tó ki ju ti àná lọ. Mo tún dà á nù, mo tún fa omi kànga. Ẹja kan kú. Mo ṣí ibi tó fi ń mí, létí ọrùn rẹ̀. Ó yẹ kó pupa. Ó dà bí kókó tí wọ́n fi omi gbígbóná pò.

Ọjọ́bọ̀, 7. Lónìí, mo bu omi kànga nìkan sínú ìgò kékeré náà. Kò kan omi ẹja rárá. Mo kán ti àkọ́kọ́. Mo kán ti èkejì. Mo wo aago.



Àlùkò.

Kò tilẹ̀ dúró dé ìṣẹ́jú méjì.


4. OHUN TÍ MO ṢE LỌ́JỌ́BỌ̀ YẸN, BÍ WỌ́N ṢE TẸ̀LÉ ARA WỌN

Mo rán ọlọ́kadà kí ó gbé omi inú ọ̀rá wá fún mi, àpò mẹ́ta, láti ìsọ̀ tó wà lọ́nà Agbamu.

Mo já ọ̀rá náà níkọ̀ọ̀kan, mo dà á sínú àpótí ẹja.

Mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, bí Lawrence ṣe ní kí n ṣe.

Mo fọ ọwọ́ mi.

Mo gbé omi kànga kaná, mo fi po mílíìkì fún ọmọ.


5. ÀTẸ̀JÍṢẸ́, ỌJỌ́ ẸTÌ

ÈMI: Ẹja márààrún ti jí pépé. Omi wọn ti dà bí ojú ọ̀run. Ọlọ́run ṣeun.

LAWRENCE: Ẹ ṣé, Màámi! Ẹ ò rí i pé omi kànga yẹn ni? Ẹ má lò ó fún wọn mọ́ o.

ÈMI: Mi ò ní lò ó fún wọn mọ́.


6.

(Mo ti ya ojú ewé yìí. Àwáwí ló kún ibẹ̀.)


7.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n kọ èyí tí mo bá lè rántí nínú rẹ̀.

Mo rò pé ẹja ṣe ẹlẹgẹ́ ju ènìyàn lọ. Mo rò pé ohun tí iná bá ti sè ti kú. Kòkòrò ni mo ń rò. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe kòkòrò. Tí a bá sè é, omi ló máa dín, náítíráìtì ò ní dín. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní irú rẹ̀ rí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, wọ́n sì dà á kọ.

Ṣé mo rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́? Àbí mi ò ro nǹkan kan?


8. ÌWÉ BỌ́LÁNLÉ, NÍBI TÓ Ń KỌ OÚNJẸ ỌMỌ SÍ

Ẹtì: ó mu ún lẹ́ẹ̀meje. Ó sunkún dáadáa.

Àbámẹ́ta: lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò fi bẹ́ẹ̀ sunkún. Màámi ní ó ti ń gbọ́n.

Àìkú: lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá kan gbé e ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọmọ yìí mà ṣe jẹ́jẹ́ o. Oorun ló ń sùn ṣáá. Mo fẹ́ kí Màámi wo ètè rẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ló ṣú.


9.

Ojú ọjọ́ ò ṣú.


10. ỌJỌ́ AJÉ, 11, AAGO MÉJE ÀÁRỌ̀

Igbe Bọ́lánlé ló gbé mi dìde. Ètè ọmọ, èékánná ọmọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ: bí aró tí wọ́n po eérú mọ́.


11. NÍ ỌSIBÍTÙ, BÍ MO ṢE RÁNTÍ RẸ̀

(Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, gún ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí bébà funfun. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè pọ́n. Kò pọ́n. Àwọ̀ kókó ni.)

DÓKÍTÀ: Omi wo lẹ fi ń po mílíìkì rẹ̀?

BỌ́LÁNLÉ: Omi kànga ni, mà. Ṣùgbọ́n Màámi máa ń sè é dáadáa.

DÓKÍTÀ: Ṣé ilé ìgbẹ́ wà nítòsí kànga náà?

BỌ́LÁNLÉ: Màámi?

ÈMI: Aládùúgbò wa ń sin adìẹ.

DÓKÍTÀ: Mà, ilé ìgbẹ́ ni mo bi yín.

ÈMI: Adìẹ wọn pọ̀ gan-an.


12.

Mo parọ́ mọ́ Jàrátù. Ó ti ń sin adìẹ láti ọdún mẹ́sàn-án, omi wa ò ṣe nǹkan kan.

Sókáwè ni, kòtò tí ìgbẹ́ àti omi inú ilé ń ṣàn wọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ lóṣù kẹwàá, kí Bọ́lánlé tó dé, kó lè rí ilé ìgbẹ́ lò nínú ilé, kó má baà máa gbé oyún jáde lọ sí ṣálángá. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ló fi jìnnà sí kànga. Mo lọ kà á lónìí. Bẹ̀llò tó gbẹ́ ẹ ti wọlẹ̀ dé àyà nígbà tó gbójú sókè, tó ní, “Màámi, ibí yìí mà sún mọ́ kànga jù.” Mo ní kó máa gbẹ́ ẹ lọ, pé ọmọ mi ti fẹ́ dé.


13. NÍ ỌSIBÍTÙ, LẸ́YÌN NÁÀ

(Dókítà kọ orúkọ oògùn kan sórí bébà: mẹ́tílíìnì búlúù.)

DÓKÍTÀ: A ò ní in níbí. Ìlọrin la máa gbé e lọ, kíákíá.

ÈMI: Mo ní in nílé! Ìgò kan odindi! Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ gbé e.

DÓKÍTÀ: Níbo lẹ ti rí i?

ÈMI: Ti ẹja ni. Ọmọ mi ló fún mi, fún ẹja tí kò bá lè mí.

DÓKÍTÀ: Rárá o, mà. Ti ènìyàn yàtọ̀. Inú iṣan la ń gbà á sí, a sì ń wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá fi ti ẹja sí ọmọ yìí lẹ́nu, ẹ lè pa á.

(Ó ń wò mí.)

DÓKÍTÀ: Mà, kí ló ṣe àwọn ẹja yín?

(Awakọ̀ tẹ fèrè. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè tẹ̀lé ọmọ. Bọ́lánlé wọlé. Wọ́n ti fi rọ́bà afẹ́fẹ́ bo imú ọmọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ojú rẹ̀. Ọkọ̀ lọ.)


14. ÌWÉ TÍ MO FẸ́ LẸ̀ MỌ́ KÀNGA

Èkínní:
Ẹ JỌ̀Ọ́, A Ń TÚN KÀNGA YÌÍ ṢE.
(Mo ya á.)

Èkejì:
OMI YÌÍ Ò DÁA FÚN ẸJA.
(Mo ya á.)

Ẹ̀kẹta:
Ẹ MÁ MU OMI YÌÍ. Ẹ MÁ FI FÚN ỌMỌ. KÒDÀ TẸ́ Ẹ BÁ SÈ É. SÓKÁWÈ MI LÓ BÀ Á JẸ́. ÈMI RÚÙTÙ.


15. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ BỌ́LÁNLÉ

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá: Màámi, a ti dé Ìlọrin. Wọ́n ti fún un labẹ́rẹ́. Wọ́n ní ká máa wò ó.

Aago méjìlá ààbọ̀: Ètè rẹ̀ ṣì rí bákan náà.

Aago kan: Lawrence ti dé ibí. Ó ń sunkún. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ ẹja fún mi. Màámi, ṣé òótọ́ ni?


16.

Mi ò mọ̀ pé
(mo pa á rẹ́)

Bọ́lánlé ọmọ mi, o mọ̀ pé mi ò lè
(mo pa á rẹ́)

Òótọ́ ni. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti mọ̀. Sọ fún dókítà pé láti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, tí òjò rọ̀, ni omi náà á ti máa wọ ọmọ lára. Ọjọ́ mẹ́jọ. Má bò mí.

(Mo fi ránṣẹ́.)


17. LẸ́NU KÀNGA, AAGO MÉJÌ KỌJÁ

(Mo ń wá nǹkan tí mo máa fi lẹ ìwé yẹn nígbà tí mo gbọ́ ìró korobá. Jàrátù ni.)

JÀRÁTÙ: Ìyá Lawrence, ẹ kú ọ̀sán o. Wọ́n ní ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ṣé ara rẹ̀ ti ń yá?

ÈMI: Jàrátù, gbé korobá yẹn sílẹ̀.

JÀRÁTÙ: Kí ló dé?

ÈMI: Omi yìí ló ṣe ọmọ wa.

(Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yé.)

JÀRÁTÙ: Omi tí mo pọn láàárọ̀ yìí?

ÈMI: Ọmọ Asisat ọmọ rẹ, èyí tó bí lóṣù kìíní. Ọmú ló ń mu, àbí?

JÀRÁTÙ: Ọmú ni.

ÈMI: Ọmú nìkan?

JÀRÁTÙ: Tí oòrùn bá mú, a máa ń fún un lómi. Ṣíbí méjì, ṣíbí mẹ́ta. Ìyá Lawrence, omi díẹ̀ ni.

ÈMI: Jẹ́ ká lọ wò ó.

JÀRÁTÙ: Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?

ÈMI: Ọjọ́bọ̀.

JÀRÁTÙ: Ọjọ́bọ̀ wo?

(Mo ní èyí tó kọjá. Ó sáré. Bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù síbẹ̀. Mo mú un, mo sáré tẹ̀ lé e.)


18.

Asisat ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ. Àbúdùlàhí ni wọ́n sọ ọ́. Asisat ti tú gbogbo aṣọ lára ọmọ náà. Ó gbé e síwájú mi nínú oòrùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé nǹkan lé ènìyàn lọ́wọ́.

Ó ní, “Ẹ wò ó dáadáa, Tíṣà. Ẹ má tàn mí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi ìka fa ètè ọmọ náà wálẹ̀.

Nínú àpò mi, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún.