Àdúrà Bọ́dé Tí Kò Ní Àmín

Bọ́dé, mo lá àlá kan mọ́jú òní. A tún wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ wa, àwa mẹ́fà péré tí wọ́n ń kọ́ ní iṣẹ́ afárá, iná àti ẹ́ńjìnnì pa pọ̀. Afárá onípákó tí a kàn wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gílóòbù kan wà lórí rẹ̀. O mọ̀ pé a kì í tan nǹkan kan níbẹ̀ láìgbàdúrà. Ọ̀gá wa ní, “Bọ́dé, gbàdúrà ká tan án.” O dijú, o ń gbàdúrà lọ, o ò ṣe àmín. Ìka mi wà lórí bọ́tìnnì títí irun gbogbo wa fi funfun, síbẹ̀ ẹnì kankan ò kúrò.

Nígbà tí mo jí, ìka mi ṣì wà lára ògiri. Jọ̀ọ́, má tíì ṣe àmín yẹn.